Abẹ, Ìbọ̀wọ́ àti Egbò: Ohun tí Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Ń Ṣe sí Àyíká

Aláìsàn kì í pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ olùtọ́jú ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni. Olùtọ́jú á tẹ́ bébà gígùn sórí àga, á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti épírọ́ọ̀nù ọ̀rá, á já àpò tí wọ́n di irinṣẹ́ sí. Á gé èékánná, á fi abẹ fá awọ tó ti le gbagidi ní gìgísẹ̀. Bí egbò bá wà, á wẹ̀ ẹ́, á dì í. Kí aláìsàn tó so okùn bàtà rẹ̀ tán, bébà, ìbọ̀wọ́, épírọ́ọ̀nù, àpò irinṣẹ́ àti báńdéèjì tó wé wá sílé ìwòsàn ti wọnú àpò ìdọ̀tí, abẹ sì ti bọ́ sínú àpótí ike tí wọ́n ń kó ohun tó bá mú sí. Ní àwọn ibòmíràn, irin tí wọ́n fi gé èékánná náà tẹ̀ lé wọn. Irin gidi ni, kò kú, kò tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó.

Podiatrist ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òfin ló dáàbò bo orúkọ náà ní Bìrìtéènì: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ HCPC, tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Manchester ni kò gbọ́ nípa iṣẹ́ náà rí títí di ọjọ́ tí dókítà sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, nítorí pé ètò ìlera ibẹ̀ ní kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wò lọ́dọọdún. Àwọn tó ń yẹ ẹsẹ̀ wò yìí kan náà ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń kan ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ àpò ìdọ̀tí lọ. Ìtọ́jú tó ń dáàbò bo àyíká jù lọ ni èyí tí kì í jẹ́ kí egbò ṣẹ̀ rárá. Ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń lọ nìyẹn, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ gba inú àpò ìdọ̀tí kọjá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìlérí kan tí ètò ìlera orílẹ̀-èdè kankan kò tíì ṣe rí. Ó ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń jáde láti inú ohun tó wà níkàáwọ́ òun tààrà yóò dín kù títí tí kò fi ní ṣẹ́ kù mọ́ tó bá di ọdún 2040, àti pé èyí tó ń jáde lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà fún òun yóò tẹ̀ lé e ní 2045. Ní 2022, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. NHS nìkan ló ni nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn tí àjọ Health Care Without Harm àti ilé iṣẹ́ Arup gbé jáde ní 2019 ṣírò ti ètò ìlera gbogbo ayé, ó sì bọ́ sí ìdá 4.4 nínú 100. Ìròyìn náà ní bí ètò ìlera gbogbo ayé bá jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, òun ni ìbá ṣe ìkarùn-ún nínú àwọn tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ jù.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá? Ìṣirò NHS fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìdá 62 nínú 100 ló ń wá láti ara ọjà tí wọ́n ń rà: oògùn, irinṣẹ́, ìbọ̀wọ́, báńdéèjì, oúnjẹ. Ìdá 24 ló ń wá láti ara ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe gan-an, títí kan iná àti ooru inú ilé. Ìdá 10 sì wá láti ara ìrìn àwọn òṣìṣẹ́, aláìsàn àtàwọn tó ń bẹ aláìsàn wò. Olùtọ́jú ẹsẹ̀ tó ń pa iná yàrá rẹ̀ bó bá ń lọ sílé ti ṣe dáadáa, àmọ́ ẹrù tó wúwo jù ti délẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Inú àpótí ọjà ló wà.

Sialkot, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Punjab lórílẹ̀-èdè Pakistan, ni púpọ̀ nínú irinṣẹ́ irin tí àwọn dókítà gbogbo ayé ń fi ọwọ́ lò ti ń wá: àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú, irin ìgé èékánná. Wọ́n á yọ́ irin, wọ́n á lù ú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dán an, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á fi ránṣẹ́. Mahmood Bhutta, oníṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun ní Bìrìtéènì, ló kọ̀wé ní 2006 nípa ipò tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wà: owó oṣù tí kò tó nǹkan, eruku irin tí wọ́n ń fà símú, àti àwọn ọmọdé tó wà lára àwọn tó ń ṣe é. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Bìrìtéènì, BMA, ti gbé ọ̀rọ̀ náà sórí. Gbogbo làálàá yìí ni wọ́n ṣe sórí irin kan tí yóò gé èékánná mẹ́wàá péré kí wọ́n tó jù ú nù. Ẹni tó bá mọ bí irin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ronú kó tó jù ú.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi àlùmọ́gàjí oníṣẹ́ abẹ mẹ́ta wé ara wọn: èyí tí wọ́n fi irin ṣe tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n fi ike ṣe tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, àti èyí tí wọ́n fi irin ṣe tí wọ́n ń sè lò léraléra. Wọ́n ka iná àti omi tí wọ́n fi ń fọ irinṣẹ́ mọ́ ọn. Irin àlòjùnù ló ba àyíká jẹ́ jù. Èyí tí wọ́n ń sè lò ló ṣe é lóore jù.

Kí wá ló dé tí àlòjùnù fi wọ inú iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀? Ìbẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù tó sì nídìí. Nígbà tí àrùn màlúù wèrè ran èèyàn ní Bìrìtéènì láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ rí i pé ohun tó ń fa àrùn náà kì í tètè kú nínú ooru tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ìjọba pàṣẹ pé irinṣẹ́ àlòjùnù ni kí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ bẹ́lúbẹ́lú. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi yí àṣẹ náà padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé irinṣẹ́ tuntun náà kò dára tó ti àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára àwọn aláìsàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀. Ó fi hàn pé tuntun inú ọ̀rá kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ààbò. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ìgbà náà, àti ìnáwó tó wà nídìí kí ilé ìwòsàn kéékèèké ní ẹ̀rọ ìsè tirẹ̀, ló ti ọ̀pọ̀ wọn sọ́nà àlòjùnù.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì rò pé kí a kàn máa lo irin kan náà láti orí ẹsẹ̀ kan dé èkejì, kó rántí àwọn ọkùnrin Hausa tó ń gé èékánná kiri ní Ìbàdàn, Èkó àti Ìlọrin. Àlùmọ́gàjí wọn ló ń dún ṣakaṣaka kí a tó rí wọn. Wọn kì í da ìdọ̀tí sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, irinṣẹ́ wọn ń pẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Tí a bá fi ojú àyíká nìkan wò ó, kò sí olùtọ́jú ẹsẹ̀ ní London tó lè bá wọn dù ú. Àmọ́ irin kan náà ló ń kan ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti yọ, wàhálà wà níbẹ̀: kòkòrò hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá ti kúrò lára èèyàn. Kí a fi aṣọ nu irin kò tó. Kí a sè é nínú ìkòkò lásán kò tó fún irinṣẹ́ tí a ó fi kan egbò. Ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé ni kí ooru omi gbígbóná, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, dé 134°C, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán. Láti tún irin lò láìpa ẹnikẹ́ni lára, ó gba ẹ̀rọ, iná tí kì í ṣẹ́jú, omi tó mọ́ àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Níbi tí mẹ́rin yìí bá wà, kò sí àwíjàre fún irin àlòjùnù. Níbi tí wọn kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má fi àyíká ṣe bojúbojú fún ìdọ̀tí.

Kí wọ́n má sì se irinṣẹ́ méjì péré nínú ẹ̀rọ tó gba ogún. Iná kan náà ni ẹ̀rọ náà ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ àpò ìdọ̀tí kúrú, ó sì rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti rò lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, ìdá 85 nínú 100 ni kò léwu ju ìdọ̀tí inú ilé lọ. Ìdá 15 tó kù ló lè kó àrùn ranni, tó jẹ́ májèlé, tàbí tó ní ewu mìíràn. Ṣùgbọ́n ní Bìrìtéènì, ìbẹ̀rù ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ju gbogbo rẹ̀ sínú àpò aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n fi ń kó ohun tó ní àrùn nínú, tàbí sínú àpò yẹ́lò tó ń lọ sí ìléru tààrà. Bébà tí aláìsàn tẹ ẹsẹ̀ gbígbẹ lé, èékánná gígé, épírọ́ọ̀nù tí nǹkan kan kò ta sí: kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò iná ńlá bẹ́ẹ̀. Ètò ìdọ̀tí tí NHS gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2023 sọ pé nínú nǹkan bí 156,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ìtọ́jú tó ń jáde lọ́dún kan, àfojúsùn ni pé kí ìdá 60 nínú 100 lọ sínú àpò yẹ́lò onílà dúdú, èyí tí kò ní àrùn nínú, kí ìdá 20 jẹ́ ti ohun tó ní àrùn, kí ìdá 20 tó kù lọ sí ìléru. Olùtọ́jú ẹsẹ̀ tó bá mọ àwọ̀ àpò mẹ́ta yìí dájú ti dín èéfín kù láìná kọ́bọ̀.

Ìbọ̀wọ́ náà ń kọ́? Epo rọ̀bì ni wọ́n ń fi ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, Malaysia sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní 2018, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Great Ormond Street ní London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìgbà tí ìbọ̀wọ́ yẹ àti ìgbà tí kò yẹ. Láàárín ọdún kan, ike tí wọn kò rà mọ́ tó 21 tọ́ọ̀nù, owó tí wọ́n rí fi pamọ́ sì lé ní £90,000. Wọn kò fi ààbò ṣòfò: ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ìbọ̀wọ́ tí kò pọn dandan. Ẹni tó ń fá egbò gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó kàn fẹ́ wo bí aláìsàn ṣe ń rìn, tàbí tó fẹ́ wọn bàtà rẹ̀ wò, kò nílò rẹ̀.

Bàtà gan-an kò ṣe é fò dá. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tú bàtà eré ìdárayá kan palẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀yà 65 nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára wọn ju 360 lọ, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó sì jáde lórí ẹsẹ̀ bàtà méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi kílò 14. Ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ló wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Olùtọ́jú ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń bi pé bàtà wo ni kí àwọn rà. Bó bá ní kí wọ́n ra èyí tó lágbára tí wọ́n lè tún àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó ti sọ̀rọ̀ àyíká láìpe orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà láti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró: fóòmù tí kì í jẹrà ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Angela Evans, olùtọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ní Australia, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ Green Podiatry, ìyẹn ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, jáde nínú ìwé ìwádìí àwọn olùtọ́jú ẹsẹ̀ ní 2021, ohun tó sì ti ń wí fún ọdún púpọ̀ ni pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí kò dùn ún, tó ń sáré tó ń fò, kò nílò ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dàgbà ni. Ìtọ́jú tí kò wúlò ni èyí tó burú jù fún àyíká, nítorí pé kò sí àǹfààní kankan tí a lè fi wé ohun tó bàjẹ́.

Egbò ló ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ. Àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkúta inú bàtà á gé aláìsàn, kò ní mọ̀. Omi gbígbóná á bó o, kò ní mọ̀. Egbò á wá ṣí, ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ibẹ̀ dáadáa kò sì ní jẹ́ kó tètè jiná. Láti ọjọ́ náà ni ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀, ti ènìyàn àti ti ilẹ̀ ayé: báńdéèjì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, oògùn apakòkòrò, ọkọ̀ lọ ọkọ̀ bọ̀ sí ilé ìwòsàn, àwòrán X-ray, ibùsùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Kò sí àpò ìdọ̀tí tí a lè ṣà dáadáa tó tí yóò san gbèsè egbò kan ṣoṣo.

Nàìjíríà mọ bó ṣe ń rí. Láàárín 2016 sí 2017, àwọn dókítà ṣe ìwádìí tí wọ́n pè ní MEDFUN ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì tẹ̀ lé aláìsàn 336 tó ní egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. Ìdá 35.4 nínú 100 wọn ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ìdá 20.5 ló kú. Púpọ̀ wọn ni egbò wọn ti jinlẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ ní pàtó kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà nọ́ọ̀sì, dókítà àtọ̀gbẹ àti oníṣẹ́ abẹ egungun ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Ìdọ̀tí tó ń jáde lára egbò tí wọ́n ń tọ́jú nílé, abẹ àti báńdéèjì ẹlẹ́jẹ̀, sì ń bá ìdọ̀tí ilé lọ sí ààtàn, ibi tí àwọn tó ń ṣa ike àti irin ti ń fi ọwọ́ lásán tú u. Nígbà tí ààtàn Olúṣosùn ní Ọ̀jọ́ta jó ní oṣù Kẹta ọdún 2018, lára ohun tí Èkó ti jù síbẹ̀ ló padà wọ inú afẹ́fẹ́ tí Èkó ń mí.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí kò gba ike, kò gba iná, kò gba owó. Gerry Rayman, dókítà àtọ̀gbẹ ní ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Kí aláìsàn bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kó dijú. Kí ẹlòmíràn fi orí ìka ọwọ́ kan ṣóńṣó àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ti ọmọ ìka àárín àti ti ọmọńdinrín, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Kó rọra kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì; kó má tẹ̀ ẹ́, kó má gbá a, kó má sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí aláìsàn kò bá mọ̀ ọ́n lára níbi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ, ó sì yẹ kí wọ́n tètè wò ó nílé ìwòsàn. Wọ́n fi ọ̀nà yìí wé fọ́nrán ike tí àwọn olùtọ́jú ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, àbájáde méjèèjì sì bára mu dáadáa. Ọmọ lè ṣe é fún ìyá rẹ̀ ní Peckham ní London. Ìyàwó lè ṣe é fún ọkọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ ní lónìí, kò sí èyí tó fúyẹ́ lórí ilẹ̀ ayé tó ìka ọwọ́ ènìyàn.

Iṣẹ́ àwọn olórí nínú iṣẹ́ yìí wá hàn kedere. Kí àwọn tó ń ra ọjà fún ilé ìwòsàn béèrè ibi tí irin ti wá, kí wọ́n sì fún ẹ̀rọ ìsè ní ààyè nínú ìṣirò owó wọn. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ẹsẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àyíká sínú ìdánwò, kó má jẹ́ àfikún tí wọ́n ń sọ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Kí àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tó wà nínú NHS, tí wọ́n mọ ìlànà àpò ìdọ̀tí àti ti ìka ọwọ́ yìí, kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílé bí wọ́n bá wá fún ìsinmi. Ilé ìjọsìn àti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dára fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi abẹ tàbí omi gbígbóná tọ́jú awọ líle nílé. Bí ẹ bá sì rí egbò, kódà bí kò dùn yín, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an.